Ẹ Yé San Owó Orúkọ: Àṣìṣe Àwọn Tó Ń Ra Owó Ẹyọ Róòmù Olórìṣà

Ẹ ti mọ ojú owó yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, n kò ní tún ìyẹn sọ.

1. Fífi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fíníga fọ owó idẹ. Ẹ dákun, ẹ má ṣe é.

2. Pípe gbogbo obìnrin abìyẹ́ ní áńgẹ́lì. Victoria ni, òrìṣà ìṣẹ́gun. Ìgbà ayé ọba Justin I, ní ọ̀rúndún kẹfà, ni áńgẹ́lì gba ipò rẹ̀ lórí owó wúrà.

3. Ìkookò. Ẹ jẹ́ kí n mí kanlẹ̀ ná. Owó idẹ kékeré tí wọ́n kọ VRBS ROMA (ìlú Róòmù) sí lójú, tí ìkookò ń fún Romulus àti Remus, àwọn ìbejì inú ìtàn ìdásílẹ̀ Róòmù, lọ́mú lẹ́yìn rẹ̀, pọ̀ bí iyanrìn. Ọdún 330, tí ọba Constantine ṣí Constantinople, olú-ìlú rẹ̀ tuntun, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́, láti Trier títí dé Alexandria. Síbẹ̀, kí ẹni tuntun ṣáà ti gbọ́ "Romulus", àpò á ṣí! Ọmọkùnrin kan ra ọ̀kan lójú mi níbi ìpàtẹ kan ní London, ní iye tó lè ra odindi abọ́ kan tó kún fún irú owó bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti lé ní ẹgbẹ̀jọ ọdún o!" Mo ní, "Àwọn tó wà nínú abọ́ yẹn ńkọ́, àná ni wọ́n bí wọn?" Inú bí i. Ìyàwó mi ní ẹnu mi ni kì í jẹ́ kí n rí ọjà tà.

Tó bá jẹ́ ìkookò lẹ fẹ́ náwó lé lórí, ẹ wá ti ọba Philip I, owó fàdákà ọdún 248 tí Róòmù pé ẹgbẹ̀rún ọdún, tí wọ́n kọ SAECVLARES AVGG sí lára. Ti VRBS ROMA, bó ṣe mọ́ kedere tó àti lẹ́tà ilé ìrọwó tó wà lábẹ́ ìkookò ni kí ẹ fi díyelé e.

Obìnrin tó gbé òṣùwọ̀n dání pẹ̀lú ìwo tó kún fún èso lè jẹ́ Aequitas, òrìṣà ìṣòtítọ́, ó sì lè jẹ́ Moneta, òrìṣà owó. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ yí i ká! Ọ̀pá tí ejò méjì lọ́ mọ́ náà kì í ṣe ti Mercury, òrìṣà ìṣòwò, nìkan, Felicitas (òrìṣà oríire) àti Pax (òrìṣà àlàáfíà) ń gbé e. Ẹni tó sì fi awọ kìnnìún borí lè jẹ́ ọba Commodus fúnra rẹ̀, tó ń pe ara rẹ̀ ní Hercules, akọni inú ìtàn àtijọ́.

Àwọn owó ẹlẹ́ranko ti ọba Gallienus, nǹkan bí ọdún 267 sí 268: ẹranko nìkan ni wọ́n yà, orúkọ òrìṣà tó ni ín wà nínú ọ̀rọ̀ tó yí i ká. Àgbọ̀nrín, Diana, òrìṣà ọdẹ. Ẹṣin onírù ẹja, Neptune, òrìṣà òkun. Fàdákà tín-ín-rín ni wọ́n fi bo ọ̀pọ̀ nínú wọn, nítorí náà ẹni tó bá mú búrọ́ọ̀ṣì onírin bọ̀, kó má dé ìdí ọjà mi.