Bí Olùkọ́ Ṣe Lè Kọ́ni ní Visual Effects Láìra Sọ́fítíwíà

Olùkọ́ tó bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní visual effects, ìyẹn àrà tí a ń fi kọ̀ǹpútà dá sínú fíìmù, ní Ìlọrin, Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, kò nílò sọ́fítíwíà olówó gọbọi. Kò sì yẹ kó gba èyí tí àwọn kan ti já kọ́kọ́rọ̀ rẹ̀, nítorí pé fáírọ́ọ̀sì sábà máa ń bá a wọlé, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì rí lọ́wọ́ olùkọ́ ni òun náà yóò máa ṣe.

Blender, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kan fún irú iṣẹ́ yìí, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 2002 ni àṣẹ ìlò rẹ̀ ti gbà wá láàyè láti dà á kọ fún gbogbo kíláàsì, kí àwọn ọmọ sì fi ṣiṣẹ́ gbowó. Nuke Non-commercial àti Houdini Apprentice jẹ́ ọ̀fẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣiṣẹ́ owó. DaVinci Resolve náà dára, àmọ́ ó ń fẹ́ kọ̀ǹpútà tó lágbára gan-an.

Ẹ gba Blender láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì mú èyí tó jẹ́ zip, ìyẹn fáìlì tí a dì pọ̀, tí ó ṣeé lò láti inú fláàṣì bí a bá ti tú u. Fún kọ̀ǹpútà àtijọ́, ẹ̀dà 2.79 ṣì wà níbẹ̀.

Fún ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, ẹ ra aṣọ aláwọ̀ ewé tí kì í dán ní Ọjà Ọba, ẹ lọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ ta á mọ́ ògiri, kí ẹni tí ẹ fẹ́ yà sì jìnnà díẹ̀ sí i kí àwọ̀ náà má baà tàn sí i lára. Nínú Compositor, ìyẹn apá Blender tí a ti ń da àwòrán pọ̀, ẹ so Movie Clip, tó ń gbé fídíò tí ẹ yà wọlé, mọ́ Keying, tó ń yọ àwọ̀ kan kúrò nínú àwòrán, ẹ mú àwọ̀ aṣọ náà níbẹ̀, kí ẹ wá fi Alpha Over gbé ẹni náà sórí àwòrán ẹnu géètì ààfin Ẹmíà. Àwòrán ẹ̀yìn, ìyẹn ti géètì, ni kí ẹ kọ́kọ́ so mọ́ Alpha Over, kí ti ènìyàn tẹ̀lé e. Bí ẹ bá gbé e sódì, yóò bo ènìyàn mọ́lẹ̀.

Ohun tó máa ń dun ọmọ jù ni kí iná lọ nígbà tí iṣẹ́ ku díẹ̀ kó parí. Nítorí náà, ẹ má ṣe render, ìyẹn kí kọ̀ǹpútà yọ iṣẹ́ náà jáde, sí fíìmù kan ṣoṣo. PNG, irú fáìlì àwòrán kan, ni kí ẹ lò, kí ìṣẹ́jú-àáyá 10, ní àwòrán 25 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, di àwòrán 250 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ yọ àmì kúrò lára Overwrite, tó máa ń fi àwòrán tuntun rọ́pò èyí tó ti wà. Bí iná bá dé, ẹ pa àwòrán tó kẹ́yìn rẹ́, torí ó lè má pé, kí ẹ tún tẹ Render Animation: yóò fo èyí tó ti ṣe, yóò sì máa bá ìyókù lọ. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé, inú Video Sequencer ni ẹ ó ti so wọ́n pọ̀ di fíìmù.