Iná airbag tó ń tàn tó ń kú: ₦72,000 ti lọ kí n tó rí ohun tó ń ṣe é

Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ eléyìí, ẹ bá mi fara dà á. ₦72,000 ni mo ti kó fún àwọn ríwáyà mẹ́ta lórí iná pupa kékeré kan ṣoṣo nínú dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò mi, páàtì tó sì wá yanjú ọ̀rọ̀ náà gan-an, ₦25,000 ni mo rà á. Mi ò tíì ka owó ọ̀kadà tí mo ń wọ̀ lọ sí iléèwé láwọn ọjọ́ tí mọ́tò wà lọ́wọ́ wọn o. Tíṣà ni mí, ẹ mọ bí owó tiwa ṣe ń wọlé.

Corolla 2005 ni mọ́tò náà, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń wà á, kò sì fi bẹ́ẹ̀ yọ mí lẹ́nu. Ọjọ́ kan ni mò ń ti ọjà Bódìjà bọ̀ tí iná airbag (àpò afẹ́fẹ́ tó ń fẹ̀ jáde níwájú èèyàn tí mọ́tò bá forí sọ nǹkan) ṣàdédé tàn, iná tó ní àwòrán èèyàn tó jókòó tí nǹkan róbótó wà níwájú rẹ̀ yẹn. Ó kú lọ́jọ́ kejì, ó tún tàn lọ́jọ́ kẹta, bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Àwọn kan ní kí n fi sílẹ̀, wọ́n ní mọ́tò ṣáà ń rìn. Rárá o. Bí iná yẹn bá wà lórí, kọ̀ǹpútà airbag ti rí nǹkan tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn nìyẹn, tí mọ́tò bá sì forí sọ nǹkan, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, airbag lè má jáde rárá. Ọmọ méjì àti ìyá mi ni mò ń gbé nínú mọ́tò yìí.

Ríwáyà àkọ́kọ́ ki sikánà kékeré kan, ẹ̀rọ tó ń ka fáùtì látinú kọ̀ǹpútà mọ́tò, bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó wo fóònù rẹ̀, ó ní "Mummy, kò sí fáùtì kankan níbẹ̀, ó kàn ń tàn lásán ni." Síbẹ̀ ó gba ₦15,000, ó ní òun ti bá mi nu kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo wá mọ̀ pé irú sikánà kékeré olówó pọ́ọ́kú yẹn, ẹ́ńjìnnì nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn lè kà. Fáùtì ẹ́ńjìnnì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà P, ti airbag ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú B, ohun tí ń ka P nìkan ò lè rí B. Torí náà ọ̀gbẹ́ni yìí ò wo airbag mi rárá, ilé onílé ló wọ̀ lọ tó ní òun ò bá mi nílé.

Èkejì ò tiẹ̀ lo sikánà kankan. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó na ọwọ́ sí nǹkan kan lápá iwájú, ó ní sẹ́ńsọ̀ yẹn ló kú. Sẹ́ńsọ̀ ₦35,000, iṣẹ́ ọwọ́ ₦10,000. Iná kú fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún mo tan mọ́tò lórí ìlà ní ilé epo, òun náà tàn, ó ń wò mí.

Ẹnìkẹta ló dùn mí jù lọ. Ogún ìṣẹ́jú péré ló lò, ₦12,000 ló gbà, iná kú pátápátá, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo tún ra mínírà fún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń yọ̀. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, òun ló máa ń jókòó sẹ́yìn mi tó ń ka àwọn iná yẹn tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó ní, "Mummy, bọ̀dá tó gbé bọ́ọ̀lù yẹn kì í wá mọ́." Ara mi tutù. Torí bó ṣe yẹ kó rí ni pé tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ tó sítáàtì, iná airbag gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tàn fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 6, kó wá kú fúnra rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń sọ pé òun ti wo gbogbo nǹkan, ó pé, nìyẹn. Tèmi ò tàn rárá. Àbúrò mi bá mi tú ojú dáṣíbọ́ọ̀dù, kí la rí? Téèpù dúdú, èyí tí wọ́n fi ń di wáyà, ó gé e wẹ́wẹ́ ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú iná náà láti ẹ̀yìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé àwọn ọmọ mi káàkiri Ìbàdàn pẹ̀lú airbag tí kò ṣiṣẹ́, tí mo sì rò pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ dákun, ẹ̀yin tó ń ra tòkunbọ̀, ẹ máa ka iná yẹn kí ẹ tó sanwó. Bí kò bá tàn rárá tí ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ bi wọ́n pé kí ló dé.

Látìgbà yẹn ni mo ti pinnu pé ẹnì kankan ò ní fọwọ́ kàn án mọ́ àfi tí mo bá wà níbẹ̀.

Ohun tó là mí lójú ni họ́ọ̀nù. Mo ti ń kíyè sí i tipẹ́, mi ò kàn so ó pọ̀ mọ́ iná ni. Tí mo bá dé ráúndàbáòtù Mókọ́lá, tí mo wé sítíárìn sí apá òsì dáadáa, tí ọlọ́kadà bá já wọ iwájú mi, mo máa tẹ họ́ọ̀nù, kò ní dún. Tí mo bá na sítíárìn padà, ó máa dún. Mo bi ara mi pé kí ni họ́ọ̀nù àti airbag dì mọ́ra? Orí sítíárìn ni àwọn méjèèjì wà, sítíárìn sì ń yí. Wáyà tó ń lọ síbẹ̀ ò lè wà lásán kó má já, torí náà wọ́n ká a rọ́bọ́rọ́bọ́ sínú ike pẹlẹbẹ kan lẹ́yìn sítíárìn, bí ẹ bá yí i ó ń tú, bí ẹ bá yí i padà ó ń ká. Clock spring ni wọ́n ń pè é, àwọn kan ń pè é ní spiral cable.

Mo ṣáà kọ́kọ́ yẹ abẹ́ àga iwájú méjèèjì wò, ìyẹn ò ná mi ní kọ́bọ̀. Àwọn ẹnu wáyà aláwọ̀ yẹ́lò wà níbẹ̀, ti bẹ́líìtì àti ti sẹ́ńsọ̀ àga, tí ẹ bá ń ti àga síwá sẹ́yìn tàbí tí ọmọ bá ki bàtà bọ̀ ọ́ wọ́n lè tú díẹ̀, iná náà sì máa tàn. Tèmi le dáadáa. Mo wá lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní sikánà ńlá tó ń ka airbag, ₦10,000, kóòdù B kan jáde: wáyà airbag apá dírẹ́bà ti já. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà, kì í ṣe sẹ́ńsọ̀ iwájú. Mo ní kó kọ ọ́ sínú ìwé fún mi, ìwé yẹn ṣì wà nínú báàgì mi.

Mo lọ sí ọjà páàtì mọ́tò Àràrọ̀mí ní Gèétì lọ ra clock spring tòkunbọ̀. Ṣọ́ọ̀bù méjì ni mo kọ̀ nítorí pé bí ọmọ ìṣọ́ọ̀bù ṣe mú un wá ló ti ń yí i bíi kẹ̀kẹ́ ọmọdé. Tí wọ́n bá ti yí i kọjá ibi tó mọ, wáyà inú rẹ̀ á já lójú ẹsẹ̀, ẹ ò sì ní mọ̀ títí ẹ ó fi dé ilé. Èyí tí mo rà, wọ́n ti fi téèpù dì í kó má baà yí.

Yíyọ bátìrì, ìyẹn ò le, orí nẹ́gátíìfù la kọ́kọ́ tú. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan airbag lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá yọ bátìrì tán o, iná kékeré ṣì máa ń kù nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ìwé Toyota ní kí èèyàn dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 90, èmi lọ jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín kí n tó padà wá.

Ibi tí ìyà ti wá jẹ mí rèé. Airbag dírẹ́bà, síkúrúù méjì ló dì í mú, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sítíárìn, ọ̀kan ní òsì, ẹ máa ṣí ìdérí ike kékeré kí ẹ tó rí i. Orí síkúrúù yẹn dà bí ìràwọ̀, T30 ni nọ́mbà irinṣẹ́ tó wọ̀ ọ́. Mo ti ra T30 ní ₦2,500, mo délé, ó kúrú. Síkúrúù wà nínú kòtò, irinṣẹ́ mi ò dé ìdí rẹ̀. Mo padà sí Gèétì nínú oòrùn, mo bẹ ẹni tó tà á, ó bá mi pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó gùn, kò gba owó míì, Ọlọ́run á bùkún un.

Ti òsì yí wẹ́rẹ́. Mo ti ń rẹ́rìn-ín. Mo bọ́ sí ti ọ̀tún, irinṣẹ́ kàn ń yọ̀ lójú ibẹ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i. Orí síkúrúù ti jẹ, gbogbo igun ìràwọ̀ yẹn ti di róbótó, ó ń dán yinrinyinrin bí ẹni pé wọ́n fi fáìlì rá a. Ẹnì kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn ti fi irinṣẹ́ tí kò wọ̀ ọ́ já a, nígbà tí kò yọ ó fi ìdérí rẹ̀ bò ó padà, kò sọ fún mi. Mo jókòó sínú mọ́tò, mi ò lè sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni síkúrúù kan ṣoṣo yẹn gbà lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ kìíní, mo ń fi irinṣẹ́ yí i títí ọwọ́ mi fi lé ròrò. Ọjọ́ kejì, mẹkáníìkì àdúgbò gbé hámà àti irin ṣóńṣó dé, ó ní ká kàn gbá a díẹ̀, ó máa yí. Mo ní bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé hámà yẹn jìnnà. Airbag wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, nǹkan tó ń bú gbàù ló wà nínú rẹ̀, a kì í gbá hámà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bínú, ó ní tíṣà ti gbọ́n jù, ó lọ. Ẹlòmíì ní ká fi mítà wọn airbag bóyá ó ti jóná, èyí náà ò dáa rárá o, iná bátìrì kékeré tó wà nínú mítà lè tó láti tú u síta. Ẹ má dán an wò láé.

Ọjọ́ kẹta ni àbúrò mi gé pélébé kan lára túúbù kẹ̀kẹ́ tó ti bàjẹ́, ó fẹ́lẹ́, kò ju èékánná lọ. Ó fi bo orí síkúrúù yẹn, èmi ti T30 wọ̀ ọ́ lé róbà náà lórí, mo fi gbogbo ara tì í, òun ń yí i díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú sípánà. Róbà yẹn wọ inú àwọn igun tó ti jẹ, ó di irinṣẹ́ mú. A gbọ́ "kẹ̀ẹ́". Mo kọ́kọ́ rò pé róbà ló já. Síkúrúù ló tú! Mo pariwo débi pé ìyá mi jáde láti inú ilé. Ẹ má retí pé kó jábọ́ sọ́wọ́ yín o, ṣe ló máa há sínú ihò rẹ̀, bó bá ṣe ń yí lófo, ó ti tú nìyẹn.

Èyí tó kù ò gba àkókò. A gbé airbag kalẹ̀ kí ojú rẹ̀ kọ sókè, ká má dojú rẹ̀ délẹ̀. A na táyà iwájú kó tọ́, a fi mákà fa ìlà kó má baà yẹ̀, a yá irin tí wọ́n fi ń fa sítíárìn. Ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ farabalẹ̀ ni clock spring tí ẹ fẹ́ fi sí i: ẹ rọra fọwọ́ yí i sí òsì títí á fi le fúnra rẹ̀, ẹ má fi agbára tì í, kí ẹ wá yí i padà sí ọ̀tún bí ìyípo méjì àbọ̀ títí àmì méjèèjì á fi dojú kọra. Ẹni tó bá fò ó, ọjọ́ tó bá wé sítíárìn tán ló máa já òmíràn. Ọlọ́kọ̀ tí ẹ̀rù bá ń bà, kó gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kó dúró tì í.

Ọ̀dọ́mọkùnrin onísikánà bá mi nu kóòdù náà, kò gba owó kún un. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Iná tàn, ọmọ mi ń kà á sókè, ó dé mẹ́fà, iná kú. Oṣù mẹ́rin rèé, kò padà wá, họ́ọ̀nù sì ń dún ní ráúndàbáòtù Mókọ́lá bó ti wù kí n wé sítíárìn tó.

Ohun kan wà tí iná yẹn ò lè sọ fún yín o. Airbag tí iléeṣẹ́ Takata ti Japan ṣe, èyí tí ooru àti ọ̀rinrin ń ba ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ títí á fi fọ́n irin jáde sí èèyàn lára, iná dáṣíbọ́ọ̀dù kì í tàn torí rẹ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 ni wọ́n ní kí wọ́n dá padà ní Amẹ́ríkà nìkan, ilẹ̀ ooru la sì wà. Ẹ kọ nọ́mbà VIN (nọ́mbà ṣasí) mọ́tò yín sórí ìkànnì NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò mọ́tò, ọ̀fẹ́ ni. Tèmi, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Mo tú clock spring àtijọ́ lórí tábìlì ìdáná. Wáyà inú rẹ̀ pẹlẹbẹ bíi téèpù kásẹ́ẹ̀tì, níbi tó ti ṣẹ́po, ọ̀kan lára okùn kọ́pà tín-ín-rín inú rẹ̀ ti ya. Tí mo bá nà án, ojú ibi tó ya á pàdé ara wọn, tí mo bá tẹ̀ ẹ́, á là. Ìdí tó fi ń tàn tó ń kú nìyẹn, gbogbo ₦72,000 yẹn wà nínú ibi tí ò tó ìka ọwọ́ mi.

Mo kó o lọ bá ríwáyà kẹta pẹ̀lú téèpù dúdú rẹ̀, mo tẹ́ méjèèjì sórí bẹ́ǹṣì níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Mummy, ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò fẹ́ rí iná yẹn mọ́." Mo ní kó tún un sọ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́, kò lè tún un sọ. Ó ka ₦5,000 fún mi. Ó ku ₦7,000, ọjọ́ Sátidé ni mo ń padà lọ.