Bí mo ṣe fi rédà yí ìjì kọjá lójú ọ̀nà Kánò

Oṣù Kárùn-ún ni, àkókò tí ìjì máa ń tò láti àríwá dé gúúsù, tí ó sì ń rìn láti ìlà-oòrùn bọ̀ sí ìwọ̀-oòrùn. Ní Ìkẹjà, kí n tó gbé bàálù lọ sí Kánò, mo kọ́kọ́ yí rédà tó ń fi òjò hàn wá sí TEST (ìdánwò), gbogbo àwọ̀ rẹ̀ sì jáde pé. Mo wá pa á títí a fi dé ojú ọ̀nà ìgbéra, torí imú bàálù ni eríàlì rẹ̀ wà, kò sì yẹ kí ó máa ta ìtànṣán sí òṣìṣẹ́ tàbí ọkọ̀ epo.

Omi ni rédà ń rí, kì í ṣe ìjì. Ẹ̀kán òjò àti yìnyín tí omi bò ló ń dá ìgbì rẹ̀ padà dáadáa. Yìnyín gbígbẹ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi jẹ́ kí ó wo ọ̀kánkán nìkan. Ní 31,000 ẹsẹ̀ bàtà tí a ń fò, orí ìjì ti di yìnyín, ikùn rẹ̀ ló kún fún omi.

Ìṣirò tí mo fi ń mọ iye tí ìtànṣán fi ga tàbí rẹlẹ̀ jù wá lọ ni dígírì × máìlì × 100, ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà (máìlì ojú òkun ni o, kìlómítà 1.852). Ní máìlì 80, mo fi tilt (bí eríàlì ṣe kọjú sókè tàbí sísàlẹ̀) sí −1: àárín ìtànṣán bọ́ sí 23,000. Ní máìlì 40, −2 ló máa gbé e débẹ̀. Ẹni tó bá fi tilt sílẹ̀ síbì kan láti ìgbéra dé ìsọ̀kalẹ̀ kò lo rédà rárá lójú tèmi. Gain, ìyẹn bí rédà ṣe ń gbé ìgbì tó padà ga tó, wà ní AUTO, ó ń ṣètò ara rẹ̀.

Nígbà tí Mìnà kù bíi máìlì 80, pupa méjì, àwọ̀ òjò líle lójú rédà, yọ níwájú, àyè bíi máìlì 25 sì wà láàárín wọn. Àyè náà wuni, ṣùgbọ́n máìlì 20 ni mo ń fi sílẹ̀ fún ìjì líle kọ̀ọ̀kan, nítorí náà 40 ló yẹ kí ó jẹ́.

Ẹ̀yìn pupa ti ọwọ́ òsì dúdú kirikiri, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo rẹ tilt sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi hàn lójú rédà; ilẹ̀ hàn níbi gbogbo àfi ẹ̀yìn pupa yẹn. Òjò iwájú ti gba gbogbo agbára ìgbì, òjìji lásán ni dúdú náà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin, 1977, ní Georgia l'Amẹ́ríkà, bàálù DC-9 kan wọ irú ibẹ̀ torí wọ́n rò pé ojú ọ̀nà mọ́. Òjò àti yìnyín pa ẹ́ńjìnnì méjèèjì. Ènìyàn 72 ló kú, mẹ́sàn-án nínú wọn wà lórí ilẹ̀.

Mo tọrọ máìlì 25 sí ọ̀tún lọ́wọ́ àwọn olùdarí òfuurufú, kí n lè gba ìdí gúúsù bọ́ sí ẹ̀yìn ìjì, níbi tí ó ti ń kúrò. Láti máìlì 80, dígírì 20 ti tó. Láti 40, ì bá lé ní 30, àwọ̀ magenta tó ń fi ìgbọ̀nrìrì inú òjò hàn kò sì ní hàn kí n tó dé 40 yẹn.

Mo tún wo bóyá a lè gba orí rẹ̀. Ní máìlì 40, mo gbé tilt sókè. +3 ni pupa tó pòórá. Ìtànṣán fẹ̀ ní dígírì 3.5, mo yọ ìdajì rẹ̀, 1.75, kúrò nínú 3: 1.25 × 40 × 100, ìyẹn 5,000 lókè wa. Omi ibẹ̀ dé 36,000, orí rẹ̀ gan-an sì ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà a ò lè gba orí rẹ̀.

A kọjá ní máìlì 23 sí etí pupa. Nígbà tí ó ti wà lẹ́yìn apá òsì, mo padà sí ojú ọ̀nà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tilt sókè díẹ̀díẹ̀ bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sí Kánò, kí ilẹ̀ má baà bo òjò mọ́lẹ̀.