Kò yún ẹ, kò ta ẹ́, ṣáà lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì: fún àwọn àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ l'Ábújá

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ láti Wuse títí dé Mararaba, mi ò wá bá yín wí o, ọ̀rọ̀ ara yín àti àrùn ìbálòpọ̀ ni mo bá wá. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń tẹ̀ lé àwọn nọ́ọ̀sì lọ pín kóńdọ̀mù lálẹ́, ohun tí mo sì ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn ọmọ Yorùbá wa ni "Ẹ̀gbọ́n, kò sí nǹkan tó ń ṣe mí, kò yún mi, kò ta mí." Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ọkùnrin tó bá kó àtọ̀sí, láàárín ọjọ́ 2 sí 7 ìtọ̀ ti máa ń ta á, ọyún ti ń jáde, òun fúnra ẹ̀ á wá oògùn lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwa obìnrin ni kì í mọ nǹkan kan lára, àtọ̀sí ni o, chlamydia (àrùn ìbálòpọ̀ míì) ni o, wọ́n á jókòó jẹ́ẹ́ sẹ́nu ilé ọmọ, wọ́n á rọra máa gòkè lọ, ìgbà tí ìsàlẹ̀ ikùn bá fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ẹ́, wọ́n ti lè dí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà.

Kóńdọ̀mù lẹ kọ́kọ́ máa rà. Tìẹ ni kó o mú lọ́wọ́, má dúró de ti kọ́sítọ́mà, torí òmíràn á gbé èyí tó ti wà nínú mọ́tò ẹ̀ tipẹ́ wá, ooru Ábújá ti sè é. Wo déètì ẹ̀, fi ìka tẹ̀ ẹ́ bóyá atẹ́gùn ṣì wà nínú ọ̀rá ẹ̀, má fi eyín ya á. Fún ṣóńṣó orí ẹ̀ kó o tó tú u dé ìdí, kí ọkùnrin náà sì dì í mú nídìí nígbà tó bá ń fà á jáde. Ẹyọ kan ni o, méjì lórí ara wọn á máa ha ara wọn ni, wọ́n á bẹ́. Ẹ má fi Vaseline, òrí tàbí òróró sí i, wọ́n máa ń jẹ rọ́bà náà, jẹ́ẹ̀lì olómi ni kẹ́ ẹ lò. Kóńdọ̀mù obìnrin náà dáa fún alẹ́ tí kọ́sítọ́mà bá ti mutí yó, o lè fi sí i kó tó dé rárá.

Ẹnu ọ̀nà ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ owó àti kóńdọ̀mù pọ̀, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó ní òun á fowó lé e tí kò bá sí rọ́bà, ìwọ kọ́ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, ohun tó kó lára ẹni tó gbà fún un ní Sátidé ló fẹ́ fún ìwọ náà. Tí gbogbo yín nínú ilé yẹn bá jọ fẹnu kò pé kò sóhun tó jọ ọ́, ibo ló fẹ́ lọ? Àwọn kan ní àwọn ń bẹ̀rù kí agbófinró má bá a nínú báàgì àwọn. Kóńdọ̀mù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, ní 2017 gan-an kóòtù ECOWAS dá obìnrin mẹ́ta láre lórí bí wọ́n ṣe kó wọn ní títì Ábújá tí wọ́n ń pè wọ́n ní aṣẹ́wó.

Tí kóńdọ̀mù bá wá bẹ́ ńkọ́? Má fọ inú, má lo Dettol, má lo òroǹbó wẹ́wẹ́, má lo álọ́ọ̀mù, wọ́n á kàn bó ẹ ní inú ni, ọ̀nà á wá là fún àrùn. Omi lásán ní ìta ti tó. Lẹ́yìn náà gba ilé ìwòsàn ìjọba lọ, Wuse, Nyanya, Kubwa, èyí tó bá sún mọ́ ẹ, kó o béèrè PEP, oògùn tí wọ́n ń lò lẹ́yìn irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ kí HIV má bàa ràn ẹ́. Kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 72 lọ, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dáa tó, ọjọ́ 28 lo máa fi lò ó láì fo ọjọ́ kan. Béèrè oògùn tí oyún ò fi ní dúró níbẹ̀ náà. Fún ẹni tí iṣẹ́ yìí jẹ́ ojoojúmọ́, PrEP wà, oògùn tí wọ́n ń lò ṣáájú kí HIV má bàa ràn wọ́n, ẹyọ kan lójúmọ́, àmọ́ HIV nìkan ló ń dènà, kò mọ àtọ̀sí, kò mọ sífílíìsì, ẹ má tìtorí ẹ̀ sọ kóńdọ̀mù nù.

Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni kẹ́ ẹ máa lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì, bí nǹkan ń ṣe yín bí kò ṣe yín. HIV, sífílíìsì, kí wọ́n sì fi òwú gba nǹkan lójú ara. Tó bá jẹ́ pé ẹnu tàbí ìdí lẹ fi ṣe, ẹ sọ ọ́, torí ojú ara nìkan ni wọ́n máa wò tẹ́ ẹ bá dákẹ́. Tí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ máa wádìí ayé ẹ, sọ pé "Mo ń bá ju ẹnì kan lọ sùn, tẹ́ẹ̀sì ni mo wá ṣe", ó tó bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B (àrùn ẹ̀dọ̀) náà wà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gún un láàárín oṣù mẹ́fà, ẹ gbà á. Tó bá sì jẹ́ HIV ni wọ́n rí, ọ̀fẹ́ ni oògùn ẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba, ẹni tó ń lò ó déédéé títí kòkòrò náà ò fi hàn mọ́ nínú tẹ́ẹ̀sì kò ní kó o ran ẹni tó bá sùn tì.

Ọ̀rọ̀ oògùn ló ń dùn mí jù. Ọmọ Ìlọrin kan wà ní ilé tá à ń lọ ní Mararaba, gbogbo àárọ̀ ló ń gbé kápúsù aláwọ̀ méjì mì láti kẹ́mísí, ó ní òun fi ń fọ inú. Ọjọ́ tí ibà àti inú rírun dá a gúnlẹ̀, àrùn ti wọ ilé ọmọ. Kápúsù tẹ́ ẹ ń méfò lò yẹn kì í pa àrùn náà, ó kàn ń kọ́ kòkòrò náà ní bí wọ́n ṣe ń ja oògùn ni, bó ṣe di pé oògùn ciprofloxacin ò ran àtọ̀sí mọ́ níbi púpọ̀ nìyẹn. Àrùn kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀: abẹ́rẹ́ ceftriaxone ni fún àtọ̀sí, chlamydia ń gba doxycycline ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ 7 (aláboyún ò gbọ́dọ̀ lò ó, wọ́n á fún un ní òmíràn), sífílíìsì ń gba abẹ́rẹ́ benzathine penicillin, ẹ̀ẹ̀kan tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀mẹta tó bá ti pẹ́. Egbò sífílíìsì kì í dunni, ó sì máa ń jiná fúnra ẹ̀, àrùn náà á ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Dókítà ló máa kọ ọ́, tí penicillin bá ń bá ara ẹ jà, tètè sọ. Lo oògùn tán, kó o sì sinmi iṣẹ́ fún ọjọ́ 7, mo mọ̀ pé owó ilé ń bẹ nílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ dá owó jọ fún ara yín fún irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bọ̀ọ̀fúrẹ́ńdì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń lo rọ́bà fún gbogbo kọ́sítọ́mà tí ẹ kì í lò ó fún un, pé ìfẹ́ ni, òun náà sì ní àwọn ibi tó ń lọ. Tí wọ́n bá tọ́jú ẹ tí wọn ò tọ́jú òun, ó máa dá a padà fún ẹ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni. Mú un dání lọ sí kílíníìkì kí ẹ jọ gba oògùn lọ́jọ́ kan náà. Tó bá kọ̀, kóńdọ̀mù lòun náà máa lò títí dìgbà tó bá lọ.