Bí a ṣe yan ọta ìbọn fún ìdíje 1,000 yáàdì

Àbúrò mi, ọmọ Ṣàgámù tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ń fi ìbọn .308 Winchester díje. Ọta rẹ̀ a máa wọ àárín àmì dáadáa ní 600 yáàdì, ṣùgbọ́n bí ó bá di 1,000, a fọ́n káàkiri. Ó pè mí lórí fóònù ní Mákun, ní Ṣàgámù, pé, "Bọ̀dá mi, ẹ bá mi wò ó, ẹ̀yin lẹ ṣiṣẹ́ ológun." Mo ní kí ó ka ohun tí a kọ sára páálí ọta náà sí mi létí: 168 grain ni (grain ni ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ọta ṣe wúwo tó). Irú ọta bẹ́ẹ̀, bí ó bá ti ń sún mọ́ 1,000 yáàdì, eré rẹ̀ a ti wálẹ̀ dé ìwọ̀n eré ìró, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti máa ń mì lójú òfuurufú.

6.5 Creedmoor, irú ìbọn àti ọta mìíràn tí ó jáde ní 2007, ni ó wù ú, nítorí pé ọta rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, atẹ́gùn kì í tètè gbé e, kì í sì í ta èjìká tó .308. Èmi náà ì bá fara mọ́ ọn, àmọ́ ìsọ̀rí ìdíje ìbọn ọ̀nà jíjìn tí wọ́n ń pè ní F-TR ni ó ti ń díje, .308 àti .223 Remington nìkan ni òfin ibẹ̀ sì gbà. Nítorí náà, a kò pa ìbọn dà. Ọta 175 grain, tí ó wúwo díẹ̀ sí i, tí eré rẹ̀ kì í sì í tètè wálẹ̀ bẹ́ẹ̀, ni a fi rọ́pò, ó sì tún awò ìbọn rẹ̀ tò. Ihò ọta ti ń kó jọ báyìí. Atẹ́gùn nìkan ni ó kù tí ó ń bá a fà á.