Ẹ Má Tíì Pa Á Rẹ́: Nígbà Tí Kọ̀ǹpútà Bá Kọ̀ Láti Ṣí Fídíò Tí Ẹ Fi Fóònù Yà

Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn ọlọ́sìn ẹja, àgbẹ̀ àti ìdílé wọn ní Ẹ̀pẹ́ àti agbègbè rẹ̀

Nígbà òjò tó kọjá, omi kún bo pọ́ńdì àwọn ọlọ́sìn ẹja kan lápá ibí. Ẹja àrọ̀ tó ti tó tà bá omi lọ, èyí tó ṣẹ́kù sì kú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò káwọ́ lérí, wọ́n ṣe ohun tó yẹ: wọ́n fi fóònù ya òkú ẹja, wọ́n ya ibi tí omi ga dé lára ògiri, wọ́n ya bí wọ́n ṣe ń gbé òkú ẹja sórí ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní kí kálukú mú ẹ̀rí wá kí wọ́n tó kọ̀wé sí àwọn adójútòfò, àwọn kan ò rí nǹkan kan fi hàn. Wọ́n ya fídíò o. Àwọn fúnra wọn ló pa á rẹ́.

Ìwé yìí ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ya fídíò. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó wà nínú ilé mọ ìyẹn. Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ bá yín wí lé lórí, torí òun là ń bá pàdé láti Èjìnrìn dé Erédò.

Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ rèé. Fóònù kún. Ẹ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan lẹ́bàá ọjà Olúwo, tàbí ẹ lo kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí ọmọ fi ń ṣiṣẹ́ ilé ìwé. Wọ́n da fídíò sínú rẹ̀, ẹ sì pa ti orí fóònù rẹ́ lójú ẹsẹ̀ kí àyè lè wà. Nígbà tí ẹ fẹ́ wò ó, ojú kọ̀ǹpútà dúdú, ohùn nìkan ló ń jáde. Nígbà míì, kọ̀ǹpútà á kọ ọ́ síwájú yín pé òun ò lè ṣí i. Ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀ á ní, “Bàbá, fáìlì yín ti bàjẹ́.” Ẹ gbà á gbọ́, ẹ ní kó pa èyí náà rẹ́. Ẹ̀rí ti lọ nìyẹn.

Lọ́pọ̀ ìgbà, fáìlì ò bàjẹ́. Bí wọ́n bá fi èdè Ègùn kọ lẹ́tà sí ẹni tí kò gbọ́ ju Ìjẹ̀bú lọ, lẹ́tà ò ya, ẹni tó gbà á ni kò lè kà á. Fóònù tuntun máa ń ká fídíò lọ́nà kan tí wọ́n ń pè ní HEVC, tí àwọn míì ń pè ní H.265. Ọdún 2013 ló jáde. Èyí tó ti wà ṣáájú rẹ̀ ni H.264, tí òun jáde ní 2003. Láti 2017 ni iPhone ti ń lo HEVC, àwọn Android kan sì tẹ̀ lé e. Kọ̀ǹpútà Windows 7 tó wà káàkiri ọ́fíìsì ẹgbẹ́ àti ilé wa mọ H.264, kò mọ HEVC rárá. Àlàyé tó kù, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà.

Òfin wa rèé, ẹ bá wa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì ẹgbẹ́: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pa fídíò rẹ́ lórí fóònù títí yóò fi wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lórí kọ̀ǹpútà tó dà á sí, tí yóò sì tún wà lórí fíláàṣì kan. Ibi méjì, yàtọ̀ sí fóònù. Fíláàṣì GB 32 kan ò wọ́n tó ẹja tó kún pọ́ńdì kan.

Dídà á sínú kọ̀ǹpútà

Ẹ kọ́kọ́ wo fídíò náà lórí fóònù dé òpin. Bí fóònù bá wò ó, fídíò wà láàyè, ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé ó ti bàjẹ́ ń méfò ni.

Tí ẹ bá ki okùn USB bọ Android, iná nìkan ló máa ń kọ́kọ́ gbà. Ẹ fa ojú fóònù wá sílẹ̀ látòkè, ẹ tẹ ibi tó ti sọ̀rọ̀ USB, ẹ yan File transfer. Fídíò wà nínú fólúdà DCIM, lẹ́yìn náà Camera. Copy ni kí ẹ lò. Ẹ má lo Cut. Cut máa ń kó o kúrò lórí fóònù, òun náà sì ni ìparẹ́ tí à ń sọ, orúkọ míì ló jẹ́. Lórí iPhone, ẹ ṣí fóònù, ẹ tẹ Trust. Bí ó bá ń já lágbede méjì ṣáá, ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Photos, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Transfer to Mac or PC sí, ẹ yan Keep Originals, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ fáìlì, ẹ yan Properties. Windows ń ka MB lọ́nà tirẹ̀, nítorí náà fídíò tó jẹ́ MB 130 lórí fóònù lè di 124 níbẹ̀. Ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n tí 130 bá di 60, tàbí òdo, okùn ti já tàbí iná ti lọ kó tó parí, kò sì sí kọ̀ǹpútà kankan lágbàáyé tó máa ṣí irú rẹ̀. Ẹ tún un dà. Ṣé ẹ rí i pé ẹni tó ti pa ti orí fóònù rẹ́ ò ní ohun tó máa tún dà?

Ẹ̀rọ tó máa ṣí i

VLC ni, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń ṣí fídíò. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn VideoLAN ti ilẹ̀ Faransé ló ṣe é, àmì rẹ̀ ni kóònù ọsàn òun funfun irú èyí tí wọ́n ń tò sójú títì tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́. Ó gbé ìmọ̀ HEVC àti ti H.264 dání fúnra rẹ̀, kò bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ Windows. Kódà Windows XP tó ní Service Pack 3 lè gbé VLC 3. Dátà tó máa jẹ kò tó MB 50. Ẹ daunlódù rẹ̀ láti videolan.org nìkan. Bí kọ̀ǹpútà ò bá ní íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lọ daunlódù rẹ̀ níbòmíràn, ẹ fi fíláàṣì gbé e wá. Fún kọ̀ǹpútà àtijọ́, ẹ mú èyí tí wọ́n kọ 32-bit sí.

Tí ẹ bá ti fi sí i tán, ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ fídíò, ẹ yan Open with, ẹ yan VLC. Ọ̀pọ̀ wàhálà parí síbẹ̀.

Kọ̀ǹpútà Windows 10 lè sọ fún yín pé kí ẹ ra HEVC Video Extensions, àfikún tí Windows fi ń ka HEVC, ní dọ́là 0.99. Ẹ má ṣe ìyọnu káàdì dọ́là. Ẹ lo VLC. Àwọn kan á ní kí ẹ wá codec pack, àkójọ àwọn ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń ka fídíò, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà fáírọ́ọ̀sì nìyẹn. Àwọn míì á ní kí ẹ fi QuickTime, ètò tí Apple ṣe fún wíwo fídíò, sí i nítorí pé orúkọ fídíò iPhone ń parí pẹ̀lú MOV. Apple fúnra wọn ti pa QuickTime ti Windows tì láti 2016. Ẹ má gbé òkú wọlé.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń yí orúkọ padà

A ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà. Fáìlì ń jẹ́ MOV tàbí 3GP, ẹnì kan á pa ìrù orúkọ náà dà sí MP4, á wá gba owó iṣẹ́. Orúkọ ló yí, ohun tó wà nínú rẹ̀ ò yí. Bí ẹ bá pe ẹja àrọ̀ ní ẹja epìyà, ṣé ó máa hu ìpẹ́ ni? Èyí tó burú jù ni pé lẹ́yìn tí orúkọ ti yí, kò sẹ́ni tó mọ irú fáìlì tó jẹ́ mọ́. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ bí fóònù ṣe kọ ọ́. Ní ọ̀pọ̀ fóònù Android, ọdún, oṣù àti ọjọ́ tí ẹ yà á wà lára orúkọ náà, òun sì ni ẹ̀rí tí adójútòfò ń wá.

Bí VLC bá ṣí i ṣùgbọ́n tó ń dúró gbọngbọn

Ohùn ń lọ, àwòrán ń dúró, tàbí ó ń já bí aṣọ gbígbó. Kọ̀ǹpútà ni kò lágbára tó. Èyí wọ́pọ̀ lórí àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí wọ́n kọ Core 2 Duo sí lára àti irú wọn, pàápàá tí ẹ bá fi 4K, àwòrán tó mọ́ gan-an tí fáìlì rẹ̀ sì tóbi, yà á. Ẹ yí i sí H.264:

Ẹ ṣí VLC, ẹ tẹ Media, ẹ tẹ Convert/Save. Ẹ tẹ Add, ẹ mú fídíò náà, ẹ tẹ Convert/Save tó wà nísàlẹ̀. Níbi Profile, ẹ yan Video - H.264 + MP3 (MP4). Ẹ tẹ àmì sípánà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ lọ sí Video codec, ẹ wá Resolution, ẹ kọ 1280 sí Width, 720 sí Height. Níbi Destination file, ẹ fún un ní orúkọ TUNTUN, kó parí pẹ̀lú .mp4. Ẹ tẹ Start.

Orúkọ tuntun, a tún sọ ọ́. Tí ẹ bá fún un ní orúkọ fáìlì tí ẹ ń yí, nínú fólúdà kan náà, VLC máa kọ ọ́ lé orí ògbólógbòó, àwọn méjèèjì á sì ṣòfò. Ìparẹ́ kan náà ni, ó kàn gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Ó ń pẹ́. Lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́, fídíò ìṣẹ́jú 5 lè gbà ju wákàtí kan lọ. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ẹ́ nígbà tí epo jẹnẹrétọ̀ bá ti ń lọ sílẹ̀, ẹ sì má pa kọ̀ǹpútà nítorí pé ó dà bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Ẹ wo ìlà tó ń rìn nísàlẹ̀ VLC. Tó bá parí, ẹ wo èyí tuntun dé òpin. Fídíò tí ẹ yí yìí wà fún wíwò lórí kọ̀ǹpútà yẹn ni. Èyí tí fóònù yà gan-an ni ẹ̀rí, òun náà gbọ́dọ̀ wà lórí fíláàṣì.

Kí ẹ tó yà á rárá

Ẹni tó bá tún fóònù rẹ̀ ṣe lónìí ò ní nílò abala tó ṣáájú. Lórí iPhone: Settings, Camera, Formats, ẹ yan Most Compatible. Lórí Samsung, ẹ ṣí kámẹ́rà, ẹ wọ sẹ́tínì rẹ̀, ẹ wá Advanced video options, ẹ pa High efficiency videos. Lórí àwọn fóònù yòókù, ẹ wọ sẹ́tínì kámẹ́rà, ibikíbi tí ẹ bá ti rí HEVC tàbí H.265, ẹ mú H.264. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sí 1080p, 30 fps. Ẹ fi 4K sílẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ tíátà. Òkú ẹja ò nílò 4K.

H.264 ń jẹ àyè jù, òótọ́ ni. Lórí iPhone, ìṣẹ́jú 1 ti 1080p ń gba bíi MB 60 pẹ̀lú HEVC, bíi MB 130 pẹ̀lú H.264. Nítorí náà ìṣẹ́jú 10 á lé ní GB 1. Ẹ má ya fídíò gígùn: ìṣẹ́jú 2 fún pọ́ńdì, ìṣẹ́jú 1 fún ìwọ̀n, ìṣẹ́jú 1 fún ibi tí omi dé. Ẹ dá fóònù dùbúlẹ̀ kí ẹ tó yà á. Èyí tí ẹ bá gbé nàró, àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan máa ń dá a dùbúlẹ̀ fún yín, olúwarẹ̀ á wá máa tẹ ọrùn wò ó.

WhatsApp àti fíláàṣì

Bí ẹ bá fi fídíò ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí ẹ ṣe ń fi fídíò ìgbéyàwó ránṣẹ́, WhatsApp á fún un mọ́lẹ̀, nọ́ńbà orí ìwọ̀n ò ní ṣeé kà mọ́. Ẹ tẹ àmì tí ẹ fi ń so fáìlì mọ́ ọ̀rọ̀, ẹ yan Document, kí ẹ wá mú fídíò náà níbẹ̀. Bó ṣe wà ló máa lọ, títí dé GB 2. Ẹ má sọ pé “mo ti fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi l'Ékòó” kí ẹ wá pa á rẹ́. Fóònù ọmọ yín náà ń kún.

Fíláàṣì tí wọ́n ṣètò ní FAT32, ọ̀nà àtijọ́ kan tí wọ́n fi ń to fáìlì, ò lè gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá ju GB 4 lọ, ì báà jẹ́ pé àyè GB 30 ṣófo nínú rẹ̀. Fídíò H.264 tó lé ní ìdajì wákàtí lè kọjá ibẹ̀. Tí ó bá sọ pé fáìlì ti tóbi jù, ẹ fi fíláàṣì mìíràn gbé e. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun ṣe format fíláàṣì yẹn, ẹ kọ́kọ́ bi í ibi tó máa kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sí, torí format ń gbá gbogbo rẹ̀ dànù ni.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ sí ọ́fíìsì, ẹ mú fíláàṣì dání, ẹ mú fóònù tó gbaná kún, ẹ mú okùn USB tiyín, kí fáìlì VLC tí ẹ daunlódù sì wà lórí fíláàṣì náà. Bí kọ̀ǹpútà wọn ò bá ṣí i, ẹ ní kí wọ́n fi VLC sí i níbẹ̀, tàbí kí wọ́n wò ó lórí fóònù yín, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ti wò ó. Ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì kọ déètì. Kódà bí fídíò ẹ̀rí bá ti wà níbi méjì, títí wọn yóò fi san owó, ẹ má fọwọ́ kan ti orí fóònù.