Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ Ẹ̀sùn Èéfín àti Omi Ìdọ̀tí Ilé-Iṣẹ́ ní Ìkòròdú Kí Ìjọba Lè Dá Yín Lóhùn

Ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn tí àwọn ará Odógunyàn ní Ìkòròdú ń kọ nípa èéfín ilé-iṣẹ́ kì í kú nítorí pé irọ́ ni. Ọ́fíìsì tí kò ní àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n gbé e lọ, tàbí kí ìwé náà kún fún ẹkún láìsọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò mọ ìgbà tó yẹ kó wá, kò sì mọ ohun tó yẹ kó wọ̀n.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ ẹni tí ilé-iṣẹ́ náà wà. Èkó ni Odógunyàn, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gba ọ̀nà Ṣàgámù lọ díẹ̀, ẹ ti wọ Ògìjo, ti Ìpínlẹ̀ Ògùn. LASEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Aláúsá, ló ń ṣọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ Èkó. Kò lè ti ilé-iṣẹ́ tó wà ní Ògìjo pa, kódà bí èéfín rẹ̀ bá ń wọ yàrá yín ní Ìkòròdú. OGEPA, irú àjọ kan náà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ló ni ìyẹn. NESREA, àjọ àyíká tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, lágbára ní ìpínlẹ̀ méjèèjì. Ẹ má fi ti àdírẹ́sì ara pátákó ṣe, torí àwọn kan wà ní Ògìjo tí wọ́n ń kọ Ìkòròdú sí i. Ẹ bi Baálẹ̀ tàbí alága CDA (ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò) léèrè ìjọba ìbílẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà ń sanwó fún, kí ẹ sì fi fóònù gba àmì ibẹ̀ lórí máàpù. Bí ààlà bá ṣì rú yín lójú, ẹ kọ ìwé náà sí NESREA, ẹ fi kọ́pì ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ méjèèjì, kí ẹ sì kọ orúkọ gbogbo ọ́fíìsì tó gba kọ́pì sí ìsàlẹ̀ ìwé. Nígbà tí kálukú bá rí orúkọ ẹnì kejì, yóò ṣòro kí ẹnikẹ́ni sọ pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ òun.

Ti epo yàtọ̀. Òfin tó dá NESREA sílẹ̀ ní 2007 yọ epo rọ̀bì àti gáàsì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí epo bá tú sínú ọ̀sà tàbí sórí ilẹ̀, NOSDRA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí epo tó tú, ni kí ẹ ké sí. Òfin tiwọn, ti 2006, sọ pé ẹni tí epo tú lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ fún wọn láàárín wákàtí 24, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦500,000 lójoojúmọ́. NMDPRA, àjọ ìjọba àpapọ̀ mìíràn, ló ni ọ̀rọ̀ ilé epo àti ibi ìkó-epo-sí. Ní Èkó, pàǹtí jẹ́ ti LAWMA, àjọ tó ń kó ìdọ̀tí. Ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ jẹ́ ti LASEPA.

Ìwé mẹ́ta tí ẹ gbọ́dọ̀ béèrè

Lẹ́yìn tí wọ́n kó ẹgbin olóró láti ilẹ̀ òkèèrè wá dà sí ìlú Kókó, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Delta lónìí, ní 1988 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin de ọ̀rọ̀ yìí. Láti inú òfin wọ̀nyẹn ni ìwé mẹ́ta ti jáde tí ilé-iṣẹ́ ńlá kankan kò gbọdọ̀ ṣaláìní: àbọ̀ ìwádìí ohun tí iṣẹ́ náà lè ṣe fún àyíká, tí wọ́n ń pè ní EIA, tí òfin 1992 ní kí wọ́n ṣe kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀; pámíìtì tó sọ ìwọ̀n ohun tí wọ́n lè tú jáde; àti àyẹ̀wò àyíká tí wọ́n ń ṣe ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ dárúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá kàn kọ pé "gbogbo ìwé ilé-iṣẹ́ náà", wọ́n á ní kò yé àwọn.

Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 ló fún yín lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ọjọ́ 7 ni ọ́fíìsì náà ní láti fèsì. Ó lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un bí ìwé bá pọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ọjọ́ 30 ni ẹ ní láti gba ilé-ẹjọ́ lọ. Tẹ́lẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ a máa sọ pé òfin ìjọba àpapọ̀ ni, kò kan àwọn. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti parí àríyànjiyàn yẹn ní oṣù kẹrin 2025: ó kan gbogbo wọn.

Bí wọn kò bá tíì kọ́ ilé-iṣẹ́ náà, àǹfààní yín tún pọ̀ jù báyìí lọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé àbọ̀ EIA síta fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 kí ará ìlú lè kà á. Ìkéde rẹ̀ máa ń wà nínú ìwé ìròyìn àti ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ó yẹ kí CDA yan ẹnì kan tí yóò máa yẹ pátákó ibẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tó ṣe é wọ̀n: kànga mélòó ló wà nítòsí, ilé-ìwé wo, ibo ni gọ́tà wọn yóò gbé omi gbà.

Ẹ̀rí tí ọwọ́ lè bà

Ẹ ra ìwé kan fún èyí nìkan. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kọ ọjọ́, wákàtí tí èéfín bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó dá, àwọ̀ rẹ̀, òórùn rẹ̀, ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, àti orúkọ ẹni tó rí i. Òru ni àwọn kan ń dá iná wọn, ọ̀sán sì ni òṣìṣẹ́ ìjọba ń wá. Ìdí rèé tí àbọ̀ ìbẹ̀wò fi ń sọ pé wọn ò rí nǹkan kan. Ìwé yín ni yóò sọ fún wọn pé aago méjìlá òru sí mẹ́rin ìdájí ni kí wọ́n wá. Tí ẹ bá ń ya fọ́tò, ẹ jẹ́ kí òpó iná tàbí òrùlé tí wọ́n mọ̀ hàn nínú rẹ̀. Ẹ tọ́jú èyí tó wà lórí fóònù gan-an, torí WhatsApp máa ń yọ àkọsílẹ̀ ibi tí ẹ ti ya fọ́tò kúrò tí ẹ bá fi ránṣẹ́.

Ti omi, ibi mẹ́ta ni kí ẹ ti bù ú: òkè ibi tí gọ́tà ilé-iṣẹ́ ti já sódò, ojú gọ́tà náà, àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò bu ti òkè, ilé-iṣẹ́ á sọ fún un pé bí omi náà ṣe ń bọ̀ látòkè nìyẹn. Bébà pH, tó ń fi bí omi ṣe kan tó hàn, kì í wọ́n: omi tí ilé-iṣẹ́ ń tú jáde yẹ kó wà láàárín 6 sí 9. Kì í ṣe ẹ̀rí tí adájọ́ máa gbà, ṣùgbọ́n ó tó láti fi sọ ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ wá. Bí ẹ bá fẹ́ gbé omi lọ sí ilé àyẹ̀wò, ibẹ̀ ni kí ẹ ti gba ìgò. Ìgò tí wọ́n fi ń wá òjé (lead) nínú omi máa ń ní ásíìdì díẹ̀ nínú, ẹ má ṣe ṣàn án nù. Èyí tí wọ́n fẹ́ wo BOD rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ọ́síjìn tí ìdọ̀tí inú omi ń jẹ, gbọ́dọ̀ wà nínú yìnyín, kó sì dé láàárín wákàtí 24.

Níbi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé láti inú bátìrì ọkọ̀ tó ti kú, ẹ má dúró de èéfín dúdú. Òjé kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn, ọmọ tó wà lára rẹ̀ sì lè máa ṣeré bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Ní Zamfara ní 2010, ó pa ọmọ tó lé ní 400. Ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ òótọ́: Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n wá orísun òjé náà, kí wọ́n sì dá a dúró, fún ẹnikẹ́ni tí òjé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tó 5 µg/dL (bí wọ́n ṣe ń kọ ìwọ̀n òjé sínú èsì àyẹ̀wò). Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ọmọ dáadáa kí wọ́n tó gún ìka rẹ̀, kí eruku má ba àyẹ̀wò jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ inú iṣan ló dájú jù. Nínú ilé, aṣọ tútù ni kí ẹ fi nu ilẹ̀, ẹ má gbá eruku náà sókè. Síse omi kì í mú òjé kúrò.

Ìwé náà gan-an

Ojú ewé kan tó. Ibi, àkókò, ohun tó ń jáde, ẹni tó ń ṣe ní ìpalára, lẹ́yìn náà ohun tí ẹ fẹ́: kí wọ́n wá ní wákàtí tí ẹ sọ, kí wọ́n bu omi tàbí wọn atẹ́gùn níṣojú aṣojú CDA, kí wọ́n fún yín ní kọ́pì èsì. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni, ẹ má sì pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀daràn. Alága àti akọ̀wé CDA ni kó fọwọ́ sí i, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù tó ń ṣiṣẹ́. Ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé, ẹ rí i pé wọ́n tẹ òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sórí kọ́pì tiyín. Láìsí òǹtẹ̀ yẹn, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ fi hàn ní ilé-ẹjọ́.

Ohun tó ń bà wá nínú jẹ́ jù ni ẹ̀sùn tí ará àdúgbò fúnra wọn lọ gbà padà nítorí pé ilé-iṣẹ́ náà gbẹ́ bọ́hòólù fún wọn. Inú ilẹ̀ kan náà ni omi bọ́hòólù yẹn ti ń wá. Ẹ ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ kí ọmọ kankan tó mu ún, ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Bí ìjọba bá ti ilé-iṣẹ́ náà pa, wọ́n sábà máa ń ṣí i padà lẹ́yìn tó bá ti san owó ìtanràn. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i ni kí ẹ kọ ìwé mìíràn, kí ẹ béèrè ohun tí wọ́n ní kí ilé-iṣẹ́ náà tún ṣe àti ọjọ́ tí wọ́n fún un dà. Ẹ kọ ọjọ́ náà sínú ìwé àkọsílẹ̀ yín, kí ẹ sì tún bu omi láti ibi mẹ́ta ọjọ́sí.